Ìṣẹ́jú Àáyá Méjì

Èmi ni mo kan èèkàn náà mọ́lẹ̀, ẹ má wá ẹlòmíràn.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, aago méje òwúrọ̀,
Fresno ti ń gbóná bí ìdí ìkòkò.
Mo so rìbọ́nù pupa mọ́ ọn lórí, mo kọ nọ́ńbà sí i lára,
mo tẹjú mọ́ ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀:
ọ̀kan bọ́ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tí Eusebio ti ń lẹ táyà.
Èkejì, n kò rí ibi kàn án sí.
Àárín ilé ìdáná Màmá Araksi ló bọ́ sí.

Ilé ìdáná gan-an o.
Kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé, kì í ṣe abẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́.
Ẹ̀rọ kò mọ ẹni tó ń dín ẹyin lọ́wọ́.

Ó jáde sí mi tòun ti ṣíbí.
Ó ní, "Kí lo sọ nù sórí ilẹ̀ mi?"
Mo ní ọkọ̀ ojú irin ni, Mà, èyí tó ń sáré bí ìbínú.
"Ṣé yóò dúró níbí?"
Mo ní rárá, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni ibùdókọ̀ wà,
níbí, ó kàn máa kọjá ni.
"Yóò ti pẹ́ tó kó tó kọjá?"
Ìṣirò niṣẹ́ mi, mo ṣe é sẹ́yìn ọwọ́:
láti imú ọkọ̀ dé ìdí rẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá méjì.
"Bí ẹni sín," ló wí,
ó padà lọ yí ẹyin rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì ó ní kí n bá òun sún un sápá ọ̀tún,
ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá péré.
Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo gbé e mì.
Ohun tó bá ń sáré tó báyẹn kì í mọ kọ́nà.
Bàbá mi ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Òfà.
Ọkọ̀ tiwọn a tẹ̀ síhìn-ín, a tẹ̀ sọ́hùn-ún bí ejò,
a yà fún òkè, a yà fún itẹ́ òkú,
nígbà kan ó dúró de ewúrẹ́ kan ní Ìkìrun
títí ewúrẹ́ fi jẹun yó.
A bú ọkọ̀ náà títí ẹnu wa fi bó.
Èmi tí mo bú u jù lọ rèé,
tí mo ń na okùn gbọọrọ la ilé onílé kọjá.

"Ẹ̀ẹ̀kejì rèé," Màmá Araksi wí.
Títì márosẹ̀ ló kọ́kọ́ gba ilé ìyá rẹ̀,
nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án.
"Ọ̀nà mọ ilé wa ju ẹbí wa lọ."
Wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọjà.
Ṣé ilé ìdáná ni ọ̀nà kan ṣoṣo ń wọ̀?

N kò ní purọ́: wọ́n sanwó, owó náà kò kéré.
N kò sì ní purọ́ èkejì: mo fẹ́ ọkọ̀ náà.
Ọmọ mi Mọrádéyọ̀ ń bẹ ní Los Angeles,
wákàtí mẹ́rin ni mo fi ń wakọ̀ lọ wò ó,
ojú mi kò sì dáa lóru mọ́.

Lọ́jọ́ tí katapílà dé, mo rí férémù ilẹ̀kùn ìdáná,
ìlà pẹ́ńsù lára rẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì,
orúkọ ọmọ, ọdún, ìwọ̀n.
Ẹnìkan ti wọn ilé yìí kí n tó dé.
Eusebio fi ayùn gé e. A gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ mi,
ó gùn ju ọkọ̀ lọ,
a so rìbọ́nù pupa mọ́ ìdí rẹ̀
kí ọlọ́pàá má baà dá wa dúró.

Ó ti pé ọdún mẹ́fà.
Òpó kọnkéré dúró síbi tí sítóòfù wà,
ó ga, ó funfun, kò gbé nǹkan kan dání.
Màmá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Clovis báyìí.
Nígbàkígbà tí mo bá pè é, ohun tó kọ́kọ́ ń bèèrè nìyí:
"Ó ti kọjá?"
"Ó tì o, Mà."
A dákẹ́ díẹ̀. Mo ń gbọ́ tí nǹkan ń ta nínú páànù.
"Ìṣẹ́jú àáyá méjì yìí," ló wí, "ó mà pẹ́ o."