Ọ̀pá Ìwọn Omi

Ní Wúsítà tí mo ń gbé,
wọ́n fín ọdún sára ògiri lẹ́bàá odò Sẹ́fáànì:
ibi tí omi dé lọ́dún yìí, ibi tó dé lọ́dún yẹn.
Àwọn ìlà kan ga ju orí mi lọ.
Mo máa ń dúró tì wọ́n bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ wọn gíga rẹ̀.

Òjò ibí kì í já lu ilẹ̀.
Wínníwínní ni, bí ẹni tó ń ráhùn lábẹ́ èémí,
títí ọjọ́ kẹta,
tí o ó yọjú lójú fèrèsé, tí pápá eré ẹṣin á ti di ọ̀sà.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ka nọ́ńbà.
Láràárọ̀ ni Ògúnmọ́dẹdé ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí Òfìkì,
ó ń wo ọ̀pá tí wọ́n rì mọ́ ìsàlẹ̀ odò,
ó ń tẹ iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù:
Mítà kan ààbọ̀. Mítà méjì. Mi ò rí ọ̀pá mọ́.
Lọ́jọ́ Ẹtì, Nọ́ọ̀sì Abíọ́nà á fi tirẹ̀ ránṣẹ́:
Ibà, mọ́kànlá. Ibà, mẹ́sàn-án.

Mo rò pé ìlà méjèèjì yóò jọ rìn
bí ìyá àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀.
Rárá o. Odò kún bo bèbè, ibà relẹ̀.
Odò fà, ibà gòkè.
Mo ní bóyá èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ sódì.

Ògúnmọ́dẹdé rẹ́rìn-ín títí fóònù fi ń hó.
“Ta ní í tẹ́ ẹní ọmọ sójú àgbàrá?
Omi tó ń sáré kì í tọ́jú ẹyin ẹ̀fọn, ńṣe ló ń gbá a lọ.
Ìgbà tí odò bá ń padà sílé ló ń gbàgbé omi sẹ́yìn:
nínú ojú ẹsẹ̀ màlúù, nínú kòtò àpáta,
nínú táyà tí ọmọ mi fi ṣeré tí kò gbé wọlé.
Ibẹ̀ ni abo ẹ̀fọn ń yé sí.
Fún un ní ọjọ́ mẹ́wàá kó fò,
fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i kí ara ó tó gbóná.
Ìwọ ń ka odò òní mọ́ ibà òní.
Ibà òní, odò oṣù tó kọjá ló bí i.”

Mo sún ìlà odò síwájú ní oṣù kan.
Kò bára mu tán. Nọ́ńbà kì í ṣe aṣọ tí a rán mọ́ni lára.
Ṣùgbọ́n wọ́n jọra.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò sí nọ́ńbà odò.
Ti ibà dé: mẹ́tàlélógún.
Ògúnmọ́dẹdé ni ìkẹtàlélógún.

Dórìn, aládùúgbò mi, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún,
wá dá abọ́ mi padà, ó rí ohun tí mo ń wò.
Ó ní ibà wà nílẹ̀ yìí rí,
nílẹ̀ irà níhà ìlà-oòrùn, níbi tí wọ́n ti bí ìyá ìyá òun;
ó ń gbọn ènìyàn bí ajere,
orí òdòdó pópì ni wọ́n ń sè mu sí i.
Wọ́n fa irà gbẹ, ibà kó lọ.
Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ayálégbé kan.
Mo fẹ́ bi í pé ibo ló kó lọ.
N kò bi í. Mo mọ àdírẹ́sì rẹ̀.

Lánàá, Sẹ́fáànì fà.
Ọmọ mi fò sínú ọ̀gọ̀dọ̀ kan tòun ti bàtà rọ́bà,
mo sì ti pariwo kí n tó rántí
pé kò sí nǹkan kan nínú omi tútù yẹn
bí kò ṣe ojú ọ̀run.
Fóònù dún nínú àpò mi. Ó ti dìde lórí ẹní:
Mítà kan. Ó ń fà.
Mo fi ìka ka ọjọ́, mo tún un kà.
Mo kọ̀wé sí Abíọ́nà, n kò tilẹ̀ kí i:
Ẹ béèrè oògùn nísinsìnyí.
Omi ti ń lọ.