Ìwé Pélébé Lára Ògiri

Àwa mẹ́ta la wà lábẹ́ ilé-ìwòsàn náà ní Valdivia,
níbi tí òjò ti ń rọ̀ bí ẹni tó ń gba owó oṣù.
Maritza ni ọ̀gá. Eliseo ni àgbà.
Èmi Nahuel, èmi ni wọ́n ń rán níṣẹ́.
Fèrèsé wa kéré, ó bá ilẹ̀ dọ́gba;
bàtà àwọn aláìsàn là ń rí, a kì í rí ojú wọn.

Iṣẹ́ ń jò sí wa lórí láti òkè àjà:
ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yàrá ìgbẹ̀bí ò tẹ̀wé,
Dókítà Oyarzún gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà, ẹ̀ẹ̀kẹta lọ́sẹ̀ kan,
àwòrán egungun ò dé orí kọ̀ǹpútà.
"Kíákíá!" "Kíákíá ni o!" "Tèmi ló yá jù!"
Bí ohun gbogbo bá ti di kíákíá,
kíákíá fúnra rẹ̀ á wá àga, á jókòó.

Eliseo ò kọ nǹkan kan sílẹ̀ rí.
Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi kó gbogbo rẹ̀ sórí:
sáfà tó máa ń gbóná lọ́jọ́ Ẹtì,
okùn wo ló wọ ihò wo,
ọjọ́ tí à ń ṣe àdàkọ ìwé àwọn aláìsàn.
Bí a bá bi í, á fọwọ́ kan iwájú orí: "Ó wà níbí."
Ó sì wà níbẹ̀ lóòótọ́,
títí di òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹfà
tó yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn tó tutù,
tí wọ́n gbé e wọ ilé-ìwòsàn wa kan náà, àjà kẹta,
tí wọ́n fún un lóògùn oorun.

Ọjọ́ yẹn ni sáfà yàn láti dákẹ́.
Èmi àti Maritza dúró níwájú okùn bí igba
tó lọ́ mọ́ra wọn bí ìfun,
gbogbo ohun tó yẹ ká mọ̀ sì ń hanrun lájà kẹta.

Wákàtí mẹ́rin. Àwọn nọ́ọ̀sì padà sí bírò àti pépà.
Kò sẹ́ni tó kú. Mo tún un sọ: kò sẹ́ni tó kú.
Ṣùgbọ́n Maritza ò jẹun títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́jọ́ kejì ó ra ìwé pélébé, ó fa ìlà sára ògiri:
èyí tó ń dúró, èyí tó wà lọ́wọ́, èyí tó parí.
"Iṣẹ́ méjì péré fún ẹnì kan," ó ní,
"mi ò tíì rí ẹlẹ́wàá ọwọ́."
Dókítà Oyarzún já wọlé, ó ń mí hẹlẹ.
Maritza na bírò sí i: "Ẹ kọ ọ́. Ta ni yóò jìyà bó bá di ọ̀la?"
Dókítà wo bírò, ó wo ògiri,
ó rí àwòrán ọkàn ọmọdé kan tó ń dúró níwájú tirẹ̀.
Ó kọ ọ́. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Èmi ni wọ́n rán sọ́dọ̀ Eliseo.
Ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé mi lórí itan, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú símẹ́ǹtì funfun,
ó ń sọ, mo ń kọ, bí ẹni ń bọ́ aṣọ níkọ̀ọ̀kan.
Nígbà kan ó dákẹ́.
"Bí mo bá sọ ọ́ tán, kí lẹ óò tún fi mí ṣe?"
Òjò ń dá gíláàsì lóhùn.
Mo ní, "Ẹ óò lè lọ sí ìsinmi."
Ó lọ lóṣù tó kọjá. Kò rìn jìnnà:
ẹ̀yìn ọjà ẹja létí odò ló jókòó sí,
ó ń wo àwọn kìnnìún òkun,
kìnnìún tó ń tọrọ orí ẹja.

Ìwé kan wà lára ògiri tí a kì í kọ nǹkan sí.
Maritza ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ láràárọ̀.
Mo bi í pé ti ta ni.
"Ti ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀."
Lánàá ó ṣófo títí dalẹ́.
Mo ká a wálẹ̀, mo gbé ife kọfí lé e.