Àbọ̀ Ẹ̀jẹ̀

Agogo méje òwúrọ̀ ní Groningen, òkùnkùn ò tíì kúrò lójú fèrèsé.
Omi ti dì lójú odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ lẹ́yìn ilé ìwòsàn,
àwọn kẹ̀kẹ́ fara tira wọn bí ewúrẹ́ tí òtútù mú.
Fenna, wọ ìbọ̀wọ́ rẹ. Má ṣí aṣọ ojú baba náà.
Òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé pé bí òun bá kú,
kí wọ́n gbé òun wá síbí, kí ọmọdé fi òun kẹ́kọ̀ọ́.
A ò mọ orúkọ rẹ̀. Dúpẹ́ ná, kí o tó mú ọ̀bẹ.

Mẹ́rin ni ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà gòkè wá sí ọpọlọ.
Méjì gba iwájú ọrùn. Fọwọ́ kan tìrẹ, lábẹ́ párì ẹ̀rẹ̀kẹ́:
ó ń lù, àbí?
Méjì tó kéré gba ẹ̀yìn, inú ihò eegun ọrùn ni wọ́n ń tọ̀,
bí òwú tó la ojú abẹ́rẹ́ mẹ́fà kọjá,
kí wọ́n tó so pọ̀ di ọ̀kan lábẹ́ ọpọlọ.
Ìda pupa tí mo rọ sínú wọn lánàá ti gan.
Wò ó, ibí ni wọ́n ti pàdé, tí wọ́n fọwọ́ kọ́wọ́, tí wọ́n di òrùka.
Ìwé rẹ yà á kó rí roboto bí ẹnu ìkòkò.
Má gba ìwé gbọ́ tán. Orí méjì kì í dọ́gba.
Ti baba yìí, lápá òsì, okùn tó so iwájú mọ́ ẹ̀yìn rí tín-ín-rín bí irun;
bí ọ̀nà kan bá dí, kò lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀.
Síbẹ̀ ó fi gbé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin.

Sjoerd, bàbá mi, ló ń ṣọ́ ẹ̀rọ tó ń fa omi kúrò lórí ilẹ̀ wa.
Ilẹ̀ tiwa rẹlẹ̀ ju òkun lọ; abẹ́ ìgbì la ń sùn.
Àgbàrá ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà:
onílé yẹn, bàbá mi ni.
Lọ́jọ́ Sátidé kan, ṣíbí ọbẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀.
Ẹnu rẹ̀ wọ́. Ọ̀rọ̀ tán.
Ẹ̀jẹ̀ dídì tí ò tó hóró ọkà ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà àárín,
lápá òsì, níbi tí ọwọ́ ọ̀tún àti ọ̀rọ̀ ti ń mumi.
Odindi ọdún mẹ́ta, gbólóhùn kan ló kù ún kù: “Omi ńkọ́?”
Ó fi kí wa, ó fi bínú, ó fi tọrọ iyọ̀.
Èmi a ní, omi ti lọ, Bàbá.

Kí ni mò ń sọ bọ̀? Àbọ̀.
Àlọ nìkan lẹ fẹ́ràn; ọjọ́ ìdánwò lẹ ń rántí àbọ̀.
Ẹ̀jẹ̀ kì í gba ọ̀nà tó bá wá padà sílé.
Iṣan àbọ̀ fẹ́lẹ́, kò sílẹ̀kùn nínú rẹ̀,
ó ń wọ́ lórí ọpọlọ, ó fò sínú odò aláwọ líle tó wà lábẹ́ agbárí.
Odò náà ti iwájú orí ṣàn dé ìpàkọ́;
èyí tó ti inú lọ́hùn-ún wá bá a níbẹ̀,
wọ́n yà sọ́tùn-ún, wọ́n yà sósì,
wọ́n ṣẹ́ kọ́rọ́kọ̀rọ lẹ́yìn etí, wọ́n sọ̀ sínú ọrùn, ó di ọkàn.

Rọra níbi tó ti fò yẹn.
Bí èèyàn bá ń dàgbà, ọpọlọ ń sún kì, iṣan yẹn ń nà.
Àgbà yọ̀ lórí yìnyín, ó dìde, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ sílé;
lọ́sẹ̀ kẹta, ó ń fi orúkọ ajá pe ọmọ rẹ̀.

Fenna ní, “Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe búlúù, kí ló dé tẹ́ ẹ fi kùn ún ní búlúù?”
Kí ojú má baà ṣìnà ni.
Ó lọ fọwọ́. Mo dúró tì í, mò ń gbọ́ bí omi ṣe ń lọ.
Agbada yẹn ń pẹ́ kó tó gbẹ.
Látoṣù Kẹ́wàá ni mo ti kọ̀wé pé kí wọ́n wá tún un ṣe.