Ìwé Ipò Ọ̀nà

Ọ̀nà náà gùn ní kìlómítà mẹ́rìndínlọ́gọ́ta,
owó tó wà nílẹ̀ kò kọjá ti mọ́kàndínlógún.
Ìyẹn ló kó wa jọ sí gbọ̀ngàn kan ní Kàbà
lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí ọyẹ́ ń fẹ́ débi pé
ètè alága là bó ti ń ka orúkọ ìlú.

Ẹnjiníà Jọláyẹmí ya àpótí márùn-ún sójú pátákó.
Ọkọ̀ mélòó ló ń kọjá lóòjọ́?
Èèyàn mélòó ló ti kú síbẹ̀?
Kí ni ilẹ̀ ibẹ̀ ń mú jáde?
Ilé ìwòsàn ńkọ́? Èló ni yóò ná wa?
"Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì," ó ní,
"ká má fojú àna wo ọ̀nà kankan."
Ọ̀rọ̀ náà wù mí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Èmi ni mo ka ọkọ̀.
Ọjọ́ méje lábẹ́ igi kajú, àga oníke kan, bírò méjì,
ìlà mẹ́rin lóòró, ìkarùn-ún á dábùú wọn
bí okùn tí a fi di ẹrù igi.
Ní oríta Ọbájánà, n ò ráyè mu omi.
Tírélà sìmẹ́ńtì ń tẹ̀lé tírélà sìmẹ́ńtì,
ilẹ̀ ń mì tìtì lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi,
eruku sọ irun mi di ti ìyá àgbà.
Ẹgbẹ̀rún kan ó lé irínwó, lọ́jọ́ kan péré.
Ní Òkè-Àgbè, ọkọ̀ mẹ́ta.
Ọ̀kan nínú wọn, wọ́n ń tì í ni.

Bẹ́ẹ̀ ni Òkè-Àgbè ṣe bọ́ sí ipò kẹtàdínlógún
nínú mẹ́tàdínlógún.
N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ibẹ̀ ni wọ́n ri ìwọ́ mi mọ́.

Ìyá Ìbítóyè dìde. Kọfí ló ń gbìn.
"Ọ̀kun o," ó kí wa. A dáhùn, "Ọ̀kun."
"Ọmọ tó jókòó lábẹ́ igi tó ń ka ọkọ̀, o ṣeun.
Ta ló wá ka àwa tí a fẹsẹ̀ rìn?
Orí yìí ni mo fi ń ru àpò kọfí dé títì,
kìlómítà mọ́kànlá.
Nígbà tí ìrọbí mú ìyàwó Adéyanjú,
orí àga ni ọkùnrin mẹ́rin fi gbé e.
Inú àpótí wo lẹ kọ àga yẹn sí?
Ẹ ní ọkọ̀ ò wá, ẹ ò ní ṣe ọ̀nà.
Ọ̀nà ò sí, ọkọ̀ ò ní wá.
Ajá tó ń lé ìrù ara rẹ̀ lẹ̀ ń pè ní ìṣirò."

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Èmi náà fẹ́ pàtẹ́wọ́.
Nígbà náà ni ọkùnrin kan láti oríta dìde,
fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.
Ó ní ọmọ òun méjì ni tírélà tẹ̀ lọ́jọ́ kan náà,
wọ́n ń bọ̀ láti ilé ìwé.
Ó jókòó. Kò sí ohun mìíràn tó sọ.
Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Ẹnjiníà mú ṣọ́ọ̀kì, ó ya àpótí kẹfà:
*Ẹsẹ̀.*
A tún gbogbo rẹ̀ ṣírò títí iná fi lọ,
a fi tọ́ọ̀ṣì parí ìyókù.
Òkè-Àgbè gòkè dé ipò kejìlá.
Owó tán ní ipò kẹfà.

"Ṣé ipò kejìlá náà ní ọdún tirẹ̀?"
ìyá náà bi mí lẹ́nu ọ̀nà.
Mo wo ìwé ọwọ́ mi. Kò sí níbẹ̀.

Mo fi alùpùpù gbé e dé ibi tí ọ̀dà ti tán.
Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ká òṣùká sórí,
ó ní kí n bá òun gbé àpò iyọ̀ àti kẹrosíìnì òun rù.
Mo dúró títí aṣọ rẹ̀ fi wọ inú òkùnkùn.
Lẹ́yìn náà mo yọ bírò,
mo ṣí ojú ewé tuntun lórí àga alùpùpù,
mo fa ìlà kan.