Ewúro, Níbo Lo Wà?

Mo mọ ẹ̀yìn Dáramọ́lá ju bí mo ti mọ ojú rẹ̀ lọ.
Ọmọ Ìjerò ni; a kò tíì rí ara wa rí.
Ẹ̀wù irin rẹ̀ ya níbi èjìká òsì,
ibẹ̀ ni mo máa ń tẹjú mọ́ láti ìrọ̀lẹ́ títí di ààjìn,
torí ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti máa ń kọ́kọ́ yọ.

Nínú eré yìí, Ewúro lorúkọ mi,
ewé tó ń wo inú sàn, tí ọmọdé ń sá fún.
Mi ò ní idà. Ọ̀pá kan ṣoṣo ni mo ní,
àti ọfọ̀ mẹ́rin:
ọ̀kan ń di egbò,
ọ̀kan ń bo ara bí igbá ẹ̀yìn ahun,
ọ̀kan ń sọ ẹsẹ̀ di ẹsẹ̀ ìgalà.
Ẹ̀kẹrin, mi ò fẹ́ràn láti lò ó:
ẹ̀mí tèmi ni mo fi ń ra ti ẹlòmíràn padà.

Bí wọ́n bá pa ẹranko olórí mẹ́ta inú ihò,
ariwo á gba ibi gbogbo:
Dáramọ́lá! Dáramọ́lá akọni!
Táńkò ará Mínnà á máa yin ọfà ara rẹ̀,
ọmọ Bùràsíl tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́ èdè rẹ̀
á máa fi àwòrán iná ránṣẹ́.
Wọ́n á ka iye ọgbẹ́ tí olúkúlùkù dá sí ẹranko náà lára.
Níwájú orúkọ mi: òdo.
Òdo roboto, bí àwo tí wọ́n lá mọ́.

Mi ò bínú. Àbí mo bínú díẹ̀.
Ta ló ń dúpẹ́ ilé tí kò jó?

Ẹ̀yìn ọsibítù Ìdó ni ilé wa wà,
yàrá kan àti ọ̀dẹ̀dẹ̀, páànù tí òjò ń bá jà.
Ojú fèrèsé nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé,
mo máa ń jókòó sórí àpò gàrí,
kí n gbé fóònù ti irin fèrèsé.
Ìyá mi pè é ní uṣẹ́ ọ̀lẹ.
Òun ló ń fọ aṣọ yàrá iṣẹ́ abẹ,
àwọn aṣọ aláwọ̀ ewé tí ẹ̀jẹ̀ ti gan mọ́ lára.
Omi tútù ni kó o kọ́kọ́ lò, ó ní,
omi gbígbóná á mú ẹ̀jẹ̀ wọ inú òwú.
Ó ti di ọdún mọ́kàndínlógún.
Bí ẹni tí ara rẹ̀ yá bá fa ewúrẹ́ wá dúpẹ́,
ẹnu ọ̀nà dókítà ni wọ́n ń so ó sí.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni iná lọ.
Bátìrì mi ku ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún,
Dáramọ́lá sì ti wọ ẹnu ẹranko náà dé ìbàdí.
Mo na ọ̀pá. Mo pe ọfọ̀ kẹrin,
ó ku ọ̀rọ̀ kan,
ojú fóònù ṣú, mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀.

Mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Ọmọ́lájà,
ó ti pa jẹnẹrétọ̀, ó ti tilẹ̀kùn.
Ìyá mi pàdé mi lọ́nà, ó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀,
omi ti hun ìka rẹ̀ jọ.
"Kí ló ń lé ọ?"
"Wọ́n ti kú."
"Àwọn ta?"
"Gbogbo wọn."
Ó gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀.
"Ìwọ ńkọ́?"
"Mi ò sí níbẹ̀."
Kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló yà mí lẹ́nu.
Ó ní, "Ẹnìkan bọ́ mọ́ àwa náà lọ́wọ́ lónìí.
Gbogbo aṣọ ló sì mọ́."

Ilẹ̀ mọ́, iná dé.
Táńkò ti fi Yorùbá tí kò gún kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta:
Ewúro, níbo lo wà?
Ọmọ Bùràsíl kò fi iná ránṣẹ́,
ewé kan péré ló fi ránṣẹ́, ewé tútù.
Dáramọ́lá kò kọ nǹkan kan.
Ó dúró lẹ́nu ihò, ó kọ ẹ̀yìn sí mi,
èjìká òsì rẹ̀ wà ní gbangba.