Ẹ Má Fọwọ́ Kàn Án

Mo kọ ọ́ sínú ìwé ńlá ẹlẹ́yìn pupa:
Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá òwúrọ̀,
iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan láti Ẹ̀bútè Mẹ́ta,
ọmọ méjìlélógójì, tíṣà mẹ́ta.
Pẹ́ńsù ni mo fi kọ ọ́,
nítorí òjò Èkó kì í ka ìwé ètò
kó tó rọ̀.

Ogún á kọ́kọ́ gòkè, ìyókù á dúró nísàlẹ̀,
torí àtẹ̀gùn pákó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wa ti dàgbà,
ó ń kérora bí ẹsẹ̀ bá ti pọ̀.
Ilé ìtọ̀ kan ṣoṣo la ní.
Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà, mo fàlà sí i nídìí:
ẹ jẹ́ kí wọ́n ti tọ̀ wá láti ilé.
Tíṣà Adérójú pè mí lórí fóònù,
ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.
"Ṣé ẹ ti bá ọmọ ọdún mẹ́sàn-án gbélé rí, bùrọ̀dá?"

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan.
Ó ní àwọn mẹ́fà kò rí i san.
Mo ní kí wọ́n mú ìtàn kan wá dípò owó.
Ọ̀gá mi wò mí látòkè délẹ̀:
ìtàn, ó ní, kì í wọ inú jẹnẹrétọ̀.
Mo fi orúkọ àwọn mẹ́fà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, n kò pa á rẹ́.

Òjò kò rọ̀.
Aago mọ́kànlá kọjá kí wọ́n tó dé,
bọ́ọ̀sì kan, ìrìn ẹ̀ẹ̀mejì lórí afárá,
búrẹ́dì lápò, súìtì ti sọ ọwọ́ wọn di àtè.
"Ẹ má fọwọ́ kàn án,"
mo sọ ọ́ nídìí fìtílà, mo sọ ọ́ nídìí máṣíìnì ìránṣọ,
mo tún sọ ọ́ fún tíṣà kan.

Níkẹyìn a dé ìdí ilẹ̀kùn.
Ilẹ̀kùn ìrókò, abala méjì, òdòdó gbígbẹ́ lókè rẹ̀.
Káàdì ara ògiri ní:
Láti ilé kan tí wọ́n wó ní Òkè Pópó. A kò mọ ẹni tó ni ín.
Nísàlẹ̀ rẹ̀, kòtò kéékèèké bíi méje.
Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo ti ń sọ fáwọn ọmọléèwé
pé àmì ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni.
Mo ti ń la ẹnu láti tún un sọ
nígbà tí Mulikátù, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà,
bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó fi ìka wọ inú kòtò kan.
N kò rántí gbólóhùn mi.

"Àgbò ni," ó ní. "Àgbò Iléyá.
Ibí ni wọ́n máa ń so ó mọ́.
Tó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lóru, á fi ìwo kàn án.
Ìyá àgbà ní àwọn kì í sùn títí di ọjọ́ ọdún."
Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín.
Ọmọkùnrin kan di àgbò lójú ẹsẹ̀,
ó forí kan ẹ̀yìn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.
Èmi dúró bí olùkọ́ tí wọ́n gba ẹfun lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo bi í pé níbo ni Ìyá àgbà wà.
"Ó wà nílé. Ó ní ilé tí a ń gbé báyìí
kò nílẹ̀kùn."
"Kò nílẹ̀kùn lóòótọ́?"
"Ó ní. Ti páànù ni."

Nírọ̀lẹ́ mo já káàdì náà kúrò lára ògiri,
n kò tíì mọ ohun tí mo máa kọ dípò rẹ̀.
Ọ̀gá bèèrè iye tó wọlé.
Mo ní: owó ọmọ mẹ́rìndínlógójì,
àti àgbò kan.

Mo ṣí ìwé ńlá.
Ọjọ́rú tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá.
Àlejò kan. Orúnkún ń dùn ún, kò lè gun àtẹ̀gùn.
Ọkùnrin mẹ́rin láti gbé ilẹ̀kùn sọ̀kalẹ̀,
àga kan tó ní tìmùtìmù.
Bírò ni mo fi kọ ọ́.
Tó bá wu òjò, kó rọ̀.