Kà Á Dé Márùn-ún

Ní Ìrójò, nílùú Iléṣà, kí oòrùn tó yọ lẹ́yìn òkè,
Nọ́ọ̀sì Fápohùndà ti ń fi omi gbígbóná fọ ọwọ́.
"Ọwọ́ tútù," ó ní, "a máa bá aláìsàn jà.
Ara á sá, kò ní sọ nǹkan kan fún ọ."
Èmi jókòó ti bírò, mò ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.
Ó gba bírò náà, ó fi há irun ara rẹ̀.
"Kọ́kọ́ wò. Ìwé kò ní sá lọ."

Bí ènìyàn bá ti ń wọlé ló ti ń kà á:
ẹsẹ̀ wo ló ń ṣáájú, èwo ló ń wọ́ tẹ̀lé e
bí ọmọ tí kò fẹ́ lọ sílé ìwé,
ta ló ní láti mí lẹ́ẹ̀mejì kó tó lè sọ pé "ẹ káàárọ̀".

Ọmọ kan dé lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó sùn, kò sùn.
Ìyá ní ibà ni, òun ti fún un lágbo.
Nọ́ọ̀sì fa ìpéǹpéjú ọmọ wálẹ̀ díẹ̀:
inú rẹ̀ funfun bí ẹfun.
Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó gbé tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ.
"Wo ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti dágbére."
A ò tíì kọ orúkọ ọmọ náà tán
tí ọ̀kadà ti ń gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá.

Múdàṣírù, tó ń wa góòlù ní Ìtagunmodi,
ní ọrùn ọwọ́ òun kàn yẹ̀ ni, ká bá òun fà á.
"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fà á." Ó fi ìka kan, ìka kan ṣoṣo,
tẹ kòtò kékeré tó wà nídìí àtàǹpàkò.
Ọkùnrin tó ń fi ṣọ́bìrì bá ilẹ̀ jà ké bí ewúrẹ́.
"Èyí kì í ṣe yíyẹ̀. Eegun ti sán."
Ó fi páálí àti báńdéèjì dì í,
ó wo èékánná bóyá àwọ̀ rẹ̀ ń padà,
ó wá ní kó na ọwọ́ kejì, tí ohunkóhun ò ṣe:
ọwọ́ náà ń gbọ̀n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ewé
tí afẹ́fẹ́ kankan kò fẹ́.
"Kí lẹ fi ń fọ góòlù?"
Múdàṣírù wo ilẹ̀.

Ìyàwó kan tẹ̀lé e. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀.
Ọkọ ló ń gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀: àtẹ̀gùn ni, ó yọ̀, ó ṣubú.
Nọ́ọ̀sì ní kí ọkọ lọ ra káàdì níta, kó sì dúró gba ṣéńjì.
Ó ti ilẹ̀kùn.
Lápá obìnrin náà, ojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ kú sí:
ọ̀kan ṣì pupa, ọ̀kan dúdú bí ẹ̀lú,
ọ̀kan ń di àwọ̀ ewé, ọ̀kan ti pọ́n bí ìyeyè.
Àtẹ̀gùn wo ló ń gbá ènìyàn mú lọ́jọ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀,
tó sì ní ìka márùn-ún?
Kò bi í bẹ́ẹ̀. Ó kàn ní:
"Ẹnu lè ní ìdí tó fi ń purọ́. Awọ kò ní.
Jókòó pẹ́ bó o ṣe fẹ́."

Lọ́sàn-án, nígbà tí bẹ́ǹṣì ṣófo,
Nọ́ọ̀sì bọ́ bàtà rẹ̀ sábẹ́ tábìlì.
Mo rí i: ojú okùn bàtà ti wọnú ẹran ẹsẹ̀
bí àtàǹpàkò amọ̀kòkò nínú amọ̀ tútù.
Mo rántí pé ó dúró sinmi lẹ́ẹ̀mejì
láàárín ẹnu ọ̀nà sí ìdí kànga,
pé ìrọ̀rí mẹ́ta ló ní òun fi ń sùn báyìí,
tí a jọ fi rẹ́rìn-ín.
"Mà, ẹsẹ̀ yín."
"Bàtà ló fún mi lẹ́sẹ̀."

Mi ò fèsì. Mo lọ bu omi gbígbóná,
mo fọ ọwọ́ mi títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́.
Nígbà tí mo padà, ó ti na ẹsẹ̀ náà sórí àpótí,
ojú rẹ̀ ń wo ògiri, ohùn rẹ̀ ṣì jẹ́ ti olùkọ́:
"Tẹ̀ ẹ́ lókè ọrùn ẹsẹ̀, lórí eegun. Kà á dé márùn-ún.
Lẹ́yìn náà, sọ ohun tó o rí fún mi."

Mo kà á.
Mo gbé ìka kúrò.
Kòtò náà dúró síbẹ̀, ó ń wò wá.